Kẹ́hìndé mi ń sunkún torí bọ́ọ̀lù Michigan, ṣé ó máa ń lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Houston ni mo wà. Kẹ́hìndé mi wọ University of Michigan lọ́dún tó kọjá, Táíwò ní tiẹ̀ wà nítòsí ilé. Ẹ gbà mí o, bọ́ọ̀lù ti gba orí Kẹ́hìndé. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí bàbá ẹ̀ máa ń wò o, American football ni, èyí tó rí bí ẹyin tólótòló tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n nà wọ́n, mo pe ọmọ, ohùn ẹ̀ ti há, mo rò pé ẹnì kan ló kú. Ó tún wá ní òun ń bọ̀ nílé fún Thanksgiving ṣùgbọ́n Friday lòun máa padà torí Ohio State. Ẹ wo owó fláìtì ọjọ́ yẹn! Bàbá ẹ̀ ní kí n sọ fún un pé ìwé la ní kó lọ kà. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ti kọjá níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó máa ń lọ? Kí ló wà nínú bọ́ọ̀lù yìí gan-an? Èmi Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú owó ilé ìwé. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ má bínú, mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o, ohun tójú tèmi náà rí ni mo rántí. Àkọ́bí mi obìnrin jáde ní Michigan, bẹ́ẹ̀ Columbus lèmi àti ìyá ẹ̀ ń gbé, ní Ohio. Ẹni tó bá mọ̀ á ti máa káàánú mi. Fún ẹni tí ò bá mọ̀, kéèyàn gbé Columbus kó lọ́mọ ní Michigan, àfi bíi kéèyàn máa gbé Òkè-Àdó n'Íbàdàn láyé ọjọ́un kó wá máa pariwo Rangers lọ́jọ́ tí Shooting bá ń gbá. Ọ̀sẹ̀ tí Michigan bá fẹ́ pàdé Ohio State, yunifásítì Columbus níbí tó jẹ́ ọ̀tá wọn, àwọn ará ibí á lọ fi téèpù pupa fa X sórí gbogbo lẹ́tà M tó wà lára pátákó nínú ọgbà Ohio State, M yòówù kó jẹ́, kò sí èyí tó ṣẹ̀ wọ́n nínú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi o.

Èmi fúnra mi ò mọ nǹkankan nípa eré yẹn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti lò níbí, Premier League ni mo ń jí wò láàárọ̀ Sátidé, tó bá ti tán mo ti ṣe tèmi. Ọdún 2022 ló mú mi, kò sì tíì tú mi sílẹ̀ títí dòní.

Ìdí tọ́mọ yín fi ń sunkún kọ́kọ́ ná. Arsenal máa gbá méjìdínlógójì lọ́dún kan nínú Premier League nìkan, bí wọ́n bá nà wọ́n lónìí wọ́n lè tún rí ẹlòmíì nà lọ́jọ́ Wednesday. Méjìlá péré làwọn wọ̀nyí ń gbá kí wọ́n tó dé ìpele ife ẹ̀yẹ, Sátidé kan ìkan, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí August, November parí òun náà parí. Lọ́dún tí mò ń wí yẹn, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ní gbogbo Amẹ́ríkà ni wọ́n ń mú kó lọ du ife (2024 ni wọ́n tó sọ ọ́ di méjìlá), torí náà bí wọ́n bá nà ẹ́ lẹ́ẹ̀kan oorun ò ní kùn ẹ́ mọ́, bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì kóo máa palẹ̀ mọ́. Ẹ wá wo ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ yín, tí ò mọ ẹnì kankan níbi tó dé, tí òtútù sì fẹ́ pa, lẹ bá gbé e sínú pápá tó ń gba 107,601 èèyàn, tí gbogbo wọn wọ búlúù àti yẹ́lò, tí wọ́n ń kọ orin kan náà. Aṣọ ẹbí ni Kẹ́hìndé rí o, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin náà mọ bí ara yín ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá wọ aṣọ ẹbí.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọdún 2022 ṣe lọ. Kòóṣì wọn, Jim Harbaugh, ní quarterback méjì (ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù), kò sì fẹ́ mú ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀, ló bá ní Cade McNamara á gbá èyí àkọ́kọ́, J.J. McCarthy á gbá ìkejì, bí ìyáálé àti ìyàwó tó ń pín ọjọ́ ìdáná. Ìyàwó kékeré ló padà gba kíṣìnì. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé, 51-7, 56-10, 59-0, mi ò lè pe ìyẹn ní eré, ìyà ni wọ́n fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo alẹ́ Sátidé lọmọ mi ń pè mí tó ń ròyìn, èmi á máa sọ pé ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa, ẹ kú oríire, bẹ́ẹ̀ ìdí Arsenal ni mo wà lórí fóònù kejì.

Àfi bó ṣe fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn ọkùnrin ràbàtà kan ni, nọ́ńbà 55, wọ́n kọ OLUWATIMI gàdàgbà sókè ẹ̀. Ó ní Dádì, ẹ wo orúkọ. Mo dìde jókòó. Mo pe ìyá ẹ̀ jáde láti kíṣìnì. Olúṣẹ́gun Olúwatìmí, Maryland ni wọ́n ti tọ́ ọ, Olu ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwé Air Force ló kọ́kọ́ lọ, ó bọ́ sí Virginia, ọdún kan ṣoṣo tó kù fún un ló wá fi gbá ní Michigan. Sẹ́ńtà ni. Òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ táá ju bọ́ọ̀lù gba àárín itan ẹ̀ sẹ́yìn fún quarterback, bó ṣe ń jù ú lọ́wọ́ báyìí ni ẹnì kan tó tóbi bíi fìríìjì ti ń já bọ̀ lórí ẹ̀, kó tì í kúrò lójú ọ̀nà kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ríbi gbà. Kì í gbá góòlù wọlé o, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹ̀ àfi bó bá ṣe àṣìṣe. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní iṣẹ́ àkọ́bí nìyẹn. Èmi, orúkọ yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: Olúwa tì í, òun náà wá ń ti èèyàn jẹun!

Látọjọ́ náà, mi ò wo bọ́ọ̀lù mọ́, 55 ni mò ń wò. Nígbà tí Penn State wá sí Ann Arbor, ìlú tí yunifásítì Michigan wà, ní October 15, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 418 lórí wọn, 41-17 ló parí sí, gbogbo èèyàn ń pariwo Blake Corum àti Donovan Edwards tí wọ́n ń sáré, èmi ní tèmi ń pariwo ẹni tó la ọ̀nà fún wọn. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n bá pe Oluwatimi báyìí, èmi àti ìyàwó mi á tún un pè dáadáa fún un nínú pálọ̀, àfi bíi pé ó ń gbọ́ wa.

Illinois ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ẹ̀rù bà wá, November 19, orúnkún Corum dùn, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pá ìdúró ilé. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kí Jake Moody tó fẹsẹ̀ gbá èyí tó gbà wá là wọlé, 19-17. (Ẹ wò ó, mo ti ń sọ pé "wa".)

Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ wá ni Ohio State, ní Columbus ńbí. Àwọn méjèèjì ò tíì pàdánù ẹyọ kan. Látọdún 2000 ni Michigan ti na wọ́n gbẹ̀yìn nílé wọn, kí wọ́n tó bí ọmọ mi rárá. Ó wá fún Thanksgiving, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì M ńlá yẹn wọ̀ pé òun fẹ́ bá ìyá òun lọ ra iṣu, mo ní kó bọ́ ọ kó tó jáde, torí èmi ni mo máa kù sí àdúgbò yìí bó bá padà sílé ìwé. A jókòó wò ó. Corum gbìyànjú, orúnkún ò jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbé bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, Ohio State ti fi 20-17 ṣíwájú, ariwo ilé kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ já òrùlé wa. Ìgbà tí wọ́n padà dé, ọ̀rọ̀ yí o. Edwards tí wọ́n fi POP dì lọ́wọ́ sáré 75 yáàdì kọjá lára gbogbo wọn, kò tíì pẹ́ ó tún sáré 85, wọn ò rí èyí tí wọ́n máa dì mú. 45-23. Ilé kejì pa lọ́lọ́. Ọmọ mi ti jó dé iwájú ọ̀nà, mo ní bóo bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn wàá rí mi. Ọjọ́ Monday tí mo dé ibiṣẹ́, ẹni tó máa ń bá mi mu kọfí wò mí bíi pé èmi ni mo gbé bọ́ọ̀lù sáré. Mi ò sọ nǹkankan. Inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀.

Wọ́n na Purdue gba ife Big Ten, ìyẹn líìgì tí Michigan wà, 43-22, ìyẹn ò gbà wá lákòókò. Ní December wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ méjì fún Oluwatimi, Rimington tí wọ́n ń fún sẹ́ńtà tó dáa jù, àti Outland, ti ẹni tó dáa jù láàárín àwọn ràbàtà ìlà iwájú, tí ọmọ Michigan kankan ò gbà rí ṣáájú ẹ̀. Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi n'Íbàdàn, wọ́n ní "ọmọ ta nìyẹn?" mo ní ọmọ wa ni.

Ibi tó wá dùn mí dé nìyí. December 31, Fiesta Bowl, ní Arizona, ìyẹn sẹmi-fáínà láàárín ẹgbẹ́ mẹ́rin tí mo wí. TCU, yunifásítì kan ní Texas, ni wọ́n fẹ́ bá gbá, àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀pọ̀lọ́ oníwo. A ti ń ṣírò ẹni tá a máa bá pàdé lẹ́yìn wọn! Ìgbà àkọ́kọ́ tí Edwards máa fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ó sáré 54. Ó ku yáàdì méjì kí wọ́n wọlé, dípò kí wọ́n dúró ti Oluwatimi kí wọ́n kàn tì wọ́n wọlé, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá àrà, àrà bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni McCarthy ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá tí wọ́n gbé e sáré wọlé. Roman Wilson mú ọ̀kan, rẹfirí ní ó wọlé, wọ́n tún lọ wo fídíò wọ́n ní kò wọlé tán, ìgbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Wọ́n lé wọn, wọ́n lé wọn, 51-45 ló parí sí. Ọ̀pọ̀lọ́ ló nà wá, Ìyá Ìbejì! Ọmọ mi wọ yàrá ó ti ilẹ̀kùn.

Àìsùn ọdún tuntun la sì ń lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ẹ̀ wú, ìyá kan tẹ̀ síwájú bi mí pé ṣé ọmọ ò ń rí ìṣòro nílé ìwé, kí àwọn bá a gbàdúrà sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Ohio State náà ń bá Georgia gbá sẹmi-fáínà kejì lọ́wọ́ l'Átlanta, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ti fi fóònù sábẹ́ Bíbélì. Pásítọ̀ ń ka ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, bó ṣe ní "Happy New Year!" báyìí, tí gbogbo wa ń fò, ni igbe kan ta lẹ́yìn, yéè! Ohio State gbá bọ́ọ̀lù tó yẹ kó fi borí, ó fò gba ẹ̀gbẹ́, 42-41, aago méjìlá òru gééré. Ọmọ mi wo ẹ̀yìn, ó wò mí, ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Pásítọ̀ rò pé ẹ̀mí mímọ́ ló sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ní ṣé ó máa ń lọ? Rárá o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn lọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láìṣe pé owó ló fẹ́ gbà, ó ń kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù, láàárín ẹ̀ lèmi náà ti ń gbọ́ ìdánwò tó le, rúùmméètì tí kì í fọ abọ́, ọ̀rọ̀ tí ì bá má sọ tí mo bá bi í. Ká ní mo sọ ọjọ́ kìíní pé ìwé la ní kóo lọ kà, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ẹ bá mi sọ fún Dádì Ìbejì.

Houston yín níbẹ̀ náà ni Michigan ti padà gba ife, January 8, 2024, NRG Stadium, 34-13 ni wọ́n na Washington, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbá lódindi, wọ́n borí gbogbo ẹ̀. Corum tí orúnkún ẹ̀ dùn kọ̀ láti lọ, ó padà wá, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ náà. Oluwatimi ti lọ gbá fún ẹgbẹ́ Seattle nígbà yẹn, kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ní ọdún yẹn ló dùn jù. Èmi ní 2022 ni tèmi, a ò tíì parí ìjà yẹn.

Ti owó fláìtì, ẹ fara balẹ̀. Ọdún bíi 2023 tàbí 2025, Ann Arbor ni wọ́n ti ń gbá Ohio State, Sátidé lẹ́yìn Thanksgiving ni nígbà gbogbo, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì Friday sílẹ̀, kó padà, ẹ má bá a jà. Ọdún bíi 2022 àti 2024, Columbus níbí ni, ó lè jókòó tì yín nílé kẹ́ ẹ jọ wò ó. Bó bá sì ní àfi kóun wọ pápá, ilé wa ń bẹ, ìyàwó mi á se iyán. Kó ṣáà má wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn kọjá níwájú ilé kejì.