Kí ni ìtumọ̀ ọbẹ̀ elégédé tí àwọn Hausa máa ń gbé wá lọ́jọ́ ọdún?

Àǹtí tó béèrè láti Kúbwà, tó ní ìyá Hausa tí wọ́n jọ ń gbé kọmpáúǹdì gbé másà (àkàrà tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe) àti ọbẹ̀ elégédé wá lọ́jọ́ Sallah, tí wọ́n wá ń bẹ̀rù pé bóyá ó nídìí, ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ jẹun yín jàre. Miyan taushe lorúkọ ọbẹ̀ yẹn. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀, oúnjẹ ọdún ni, bá a ṣe ń há ẹran iléyá fún aládùúgbò nílé náà nìyẹn, tá ò ní béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ẹ kàn kí i ní Barka da Sallah (ẹ kú ọdún nìyẹn), tí Kérésì bá sì dé, ẹ bu ìrẹsì ránṣẹ́ sí i.

Ohun tó jẹ́ kó wọ́pọ̀ lọ́jọ́ ọdún ni pé wàhálà ẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa ti ibi iṣẹ́ dé kẹ́ ẹ sáré sè. Èèyàn máa bẹ elégédé, èèpo ẹ̀ tún le, á sè é títí á fi rọ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú omi ẹran, á wá lọ ẹ̀pà tí wọn ò yan sí i, ata, daddawa (irú wa náà ni), ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó máa ń já tẹ̀tẹ̀ àti yakuwa sí i, yakuwa yẹn ni ìṣápá. Elégédé ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ yẹn ki, òun ló sì fa adùn tẹ́ ẹ rò pé ṣúgà ni, ìṣápá ló wá ń fi kíkan tiẹ̀ dá a dúró. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ pẹ̀lú tùwó ṣìnkáfà (ìrẹsì tí wọ́n rò bí ọkà), èmi ò rí èyí tó tó másà.

Ẹ tún ní ẹ ò jẹ elégédé rí. Ṣé ẹ ò jẹ gbọ̀rọ̀ ni? Ewé ẹ̀ nìyẹn, èyí tá a máa ń bó fọ́nrán ara igi ẹ̀ ká tó rẹ́ ẹ. Àwa ń lé ewé, àwọn Hausa tí wọ́n ń pè é ní kabewa ń dúró de èso, ohun kan náà ni, àwọn àgbà wa náà sì ń se elégédé bí iṣu. Ugu nìyàtọ̀ o, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n lóòótọ́ àmọ́ inú èso ugu ò ṣeé jẹ, àfi kóró ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín jà lórí ẹ̀yà tó ni elégédé, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, ó ti tó bí 10,000 ọdún.

Ti kóró elégédé tí wọ́n ní ó ń lé aràn, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìlú ló ń jẹ ẹ́ ní tútù nítorí aràn, nǹkan kan sì wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cucurbitin. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ kékeré, oògùn aràn láti hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni kẹ́ ẹ fún un.

Kóró tẹ́ ẹ sá pamọ́ láti gbìn, ẹ dúró kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní bí May, ẹ rì í sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn. Òdòdó tó máa kọ́kọ́ yọ á rẹ̀ dànù, ẹ má pariwo, akọ ni wọ́n. Abo máa ní elégédé kékeré nídìí, tí oyin ò bá sì wá, ẹ já akọ kan láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ fi nu inú abo. Ẹ má já gbọ̀rọ̀ orí ẹ̀ jù tẹ́ ẹ bá ń retí èso, tó bá sì gbó, ẹ gé e pẹ̀lú igi ìdí ẹ̀, èyí tí igi ẹ̀ bá ti já kì í pẹ́ rà.