Ṣé epo tí wọ́n ṣe láti ara ewéko lè dín èéfín ọkọ̀ ojú omi kù?

Ẹ̀yin aládìrẹ Òṣogbo tẹ́ ẹ béèrè bóyá epo yìí lè dín káríbọ́nì (èéfín tó ń mú ayé gbóná) kù lórí ọjà tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Jámánì, ẹ kú iṣẹ́ o.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè dín in kù, ṣùgbọ́n ibi tí epo náà ti wá ló ṣe kókó. Ọkọ̀ tó ń jó o ṣì ń tú káríbọ́nì jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú afẹ́fẹ́ ni ewéko ti fa káríbọ́nì ọ̀hún, kì í ṣe inú ilẹ̀ bíi ti epo rọ̀bì. Èyí tí wọ́n ṣe láti ara òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan tán, irú èyí tí àwọn alákàrà ń dà nù, ló dáa jù lójú mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ gé igbó láti gbin ọ̀pẹ, ìbàjẹ́ rẹ̀ lè ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ!

Wọ́n lè pò ó mọ́ epo ọkọ̀ láì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó kàn wọ́n ni. Lọ́dún 2023, àjọ IMO tó ń rí sí ìrìnnà ojú omi lágbàáyé pinnu pé kí àfikún èéfín amáyégbóná tí ọkọ̀ ojú omi ń dá kún afẹ́fẹ́ di òdo ní nǹkan bí ọdún 2050.

Ẹ bi aṣojú ọkọ̀ yín léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe epo wọn. Ẹ má sì gbàgbé tírélà tó ń gbé ẹrù láti Òṣogbo dé Àpápá: dísẹ́ẹ̀lì lòun náà ń jó.