Aago ẹ́ńjìnnì katakata mi ń purọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ aago ẹ́ńjìnnì katakata mi, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ń gbọ̀n, ó sì ń ka kéré. Kí ni kí n ṣe? — Àgbẹ̀ kan, Kábà

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra aago tuntun. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ oníkébù (okùn irin tó ń yí láti ẹ́ńjìnnì dé aago), gbígbẹ kébù náà ló sábà máa ń mú ọwọ́ aago gbọ̀n. Ẹ fa kébù náà yọ, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, àmọ́ kó má dé orí tó wọnú aago. Bí igun orí náà bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ kébù.

Bó bá jẹ́ oníná, ojú W, ìyẹn ibi tí wáyà aago ti ń gba àmì, lára alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún katakata) ló sábà máa ń gbọ́ràn sí. Bẹ́líìtì alternator tó dẹ̀ tàbí púlì rẹ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ á mú aago ka kéré.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì títí ọwọ́ aago yóò fi dé àmì 540 PTO (PTO ni ọ̀pá tó ń yí irinṣẹ́ tí a so mọ́ katakata; 540 ni iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kí mẹkáníìkì fi aago àfọwọ́mú tó ń ka iye yíyí wọn ọ̀pá PTO gan-an, kí ẹ lè mọ̀ bóyá aago yín ń sọ òótọ́.