GMAT 645: Ṣé Kí N Tún Un Ṣe?

Ìbéèrè: OAU ni mo ti kàwé jáde, Ilé-Ifẹ̀ náà ni mo ń gbé. 645 ni mo gbà nínú GMAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé ẹ̀kọ́ okòwò. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Lágere ní kò sí ilé-ìwé òkè-òkun tó máa wo ẹni tí kò tó 700, kí n san owó oṣù mẹ́ta sí i. Ṣé kí n tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. 700 tí tíṣà yín ń pariwo rẹ̀, ti GMAT àtijọ́ ni, ìyẹn sì ti kógbá sílé láti ìparí oṣù kìíní ọdún 2024. Ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 200 dé 800, òdo ló máa ń gbẹ̀yìn máàkì rẹ̀. Ti ìsinsìnyí bẹ̀rẹ̀ láti 205 dé 805, 5 ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹ wo èsì yín dáadáa. Nínú àtẹ tí GMAC tó ni ìdánwò náà fi ṣe ìfiwéra, 645 tuntun kò yàtọ̀ sí nǹkan bíi 700 àtijọ́. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ lọ fowó wá ti wà lọ́wọ́ yín. Bí tíṣà yín kò bá mọ̀, kò burú. Bó bá mọ̀, owó yín ló ń wá.

Ẹ wo máàkì àárín àwọn tí ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ lọ gbà kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ti tuntun ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá fi 10 tàbí 20 ju tiyín lọ, ẹ gbàgbé àtúnṣe.

Ibi tó ti lè mérè wá ni bí ọ̀kan nínú apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pàápàá ìṣirò, bá rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á. Ìbéèrè 21 ni ìṣirò ní, ìṣẹ́jú 45 ni àkókò rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún jìjàkadì pẹ̀lú ẹyọ kan, tí ẹ wá fi mẹ́ta tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìdáhùn, wọ́n á yọ máàkì yín fún ìyẹn. Ìlò àkókò ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta kọ́ ló máa wò ó. Ìdánwò ìdánrawò tí GMAC fúnra rẹ̀ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dán ara yín wò, kẹ́ ẹ ká àkókò sí i.

Ọjọ́ 16 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdánwò kan sí èkejì, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín oṣù 12. Èsì tí ẹ bá fi ránṣẹ́ nìkan ni ilé-ìwé máa rí. Bó bá jẹ́ ilé lẹ ti fẹ́ ṣe é, ẹ má gbójú lé iná NEPA.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ilé-ìwé kankan, ẹ bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, àròkọ tí ẹ máa fi béèrè fún àyè lọ́dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ lọ jókòó tì.