Ìbéèrè àti ìdáhùn: Sítóòfù tó ń jó igi àti èédú, níbi tí kánsù ti de èéfín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gúúsù London là ń gbé, nínú ilé àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ilé ẹlòmíì lọ́tùn-ún lósì. Ààrò àtijọ́ ṣì wà nínú ògiri pálọ̀. Owó gáàsì ti wọ̀ wá lọ́rùn, la bá ní ká fi sítóòfù tó lè jó igi àti èédú síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan fẹ́ ta tirẹ̀ fún wa. Kìlówáàtì 8 ni, ó sì ní Ecodesign ni, pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa sọ pé kánsù máa ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ṣímínì rẹ̀ bá ń rú èéfín. Pálọ̀ wa gùn ní mítà 4.5, ó fẹ̀ ní mítà 4, ó ga ní mítà 2.6. Ṣé ká rà á? Bí kò bá dáa, irú èwo ni ká máa wá?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Aládùúgbò yín ò parọ́, ọ̀rẹ́ ọkọ yín náà lè má parọ́, àmọ́ òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Sítóòfù lè yege nínú Ecodesign, ìyẹn òfin tó sọ bí sítóòfù tuntun ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó, kó má sì ní ìyọ̀ǹda láti jó igi ní àdúgbò yín.

Òfin èéfín ló dàgbà jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú pa pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo London mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ 5, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì bá a lọ. Ìyẹn ló bí Clean Air Act ti 1956. Ti 1993 ni wọ́n ń lò báyìí. Ó fún kánsù láṣẹ láti ya àdúgbò sọ́tọ̀ pé ṣímínì kankan ò gbọdọ̀ rú èéfín níbẹ̀. "Smoke control area" ni ẹ ó rí tí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú London ló sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní England, láti ọdún 2022, kánsù lè bu ìtanràn £175 sí £300 lé èéfín tó ń ti ṣímínì jáde láìjẹ́ pé wọ́n gbé onílé dé kóòtù. Ẹni tó bá ra ohun ìdáná tí òfin ò fọwọ́ sí láti jó nínú sítóòfù tí kò ní ìyọ̀ǹda, ìtanràn tirẹ̀ lè tó £1,000. Scotland àti Wales ní ètò tiwọn. Ti England ni gbogbo ohun tí mo ń sọ níhìn-ín.

Ìyọ̀ǹda yẹn, Defra ló ń fún ni, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àyíká. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́: orúkọ ẹni tó ṣe sítóòfù náà, orúkọ irú rẹ̀ gan-an, agbára rẹ̀, àti ohun ìdáná tí wọ́n yọ̀ǹda kó jó. Kí sítóòfù tó wọnú àkọsílẹ̀ yìí, èéfín rẹ̀ nígbà ìdánwò ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ ní wákàtí kan, pẹ̀lú gíráàmù 0.1 lé e lórí fún kìlówáàtì 0.3 kọ̀ọ̀kan tó bá gbé jáde. Bí sítóòfù bá jẹ́ kìlówáàtì 5, á jẹ́ gíráàmù bíi 6.7. Ecodesign ní tirẹ̀, tó di dandan fún sítóòfù tuntun láti January 1, 2022, ìwọ̀n mìíràn ló ń lò: eruku tíntìntín inú èéfín ò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 40 lọ nínú mítà kúbíìkì kan, gáàsì kábọ̀n mònọ́ksáìdì ò gbọdọ̀ ju 1,500 lọ, ó kéré tán ìdá 65 nínú 100 ooru ló sì gbọ́dọ̀ wọnú ilé. Ìdánwò méjèèjì ò jọra, ẹ̀yin sì nílò kí sítóòfù yín yege nínú méjèèjì.

Ibi tí sítóòfù àlòkù ti máa ń kó ẹni sí wàhálà nìyí. Kì í ṣe idán ni àwọn tó ń ṣe é fi ń rí ìyọ̀ǹda gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kàn ṣe ìdínà kékeré kan sí ara irin tí a fi ń ṣí afẹ́fẹ́ tí a fi ń tì í, kí ọwọ́ yín má lè tì í pátápátá. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá ń wọlé lókè iná nígbà gbogbo, gáàsì tó ń jáde lára igi á jó tán kó tó dé ṣímínì. Nítorí náà, sítóòfù méjì lè jẹ́ ìbejì lójú, kí orúkọ ọ̀kan ní lẹ́tà méjì lẹ́yìn tí ti èkejì kò ní, ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀, èkejì níta. Ẹ lọ wo àwo irin kékeré tó wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ sítóòfù náà, kí ẹ fi wéra pẹ̀lú àkọsílẹ̀ Defra ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ tún fi ọwọ́ yín ti irin afẹ́fẹ́ náà wò. Bó bá tì gbọin nígbà tí ìwé rẹ̀ sọ pé kò yẹ kó tì, ẹnìkan ti yọ ìdínà náà. Àwọn tó fẹ́ kí iná sùn di àárọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti sítóòfù tó ń jó igi àti èédú, ibẹ̀ ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Wọ́n á wo àkọsílẹ̀, wọ́n á rí i pé igi nìkan ni wọ́n kọ síwájú sítóòfù tí wọ́n tà fún wọn gẹ́gẹ́ bí èyí tó ń jó méjèèjì, ọkàn wọn á sì dàrú. Kò sóhun tó bàjẹ́. Igi ló nílò ìyọ̀ǹda. Àwọn èédú tí kì í rú èéfín, ìyẹn anthracite àti àwọn èédú tí wọ́n fi ẹ̀rọ mọ tí Defra ti fọwọ́ sí, òfin gbà kí a jó wọn nínú ààrò èyíkéyìí ní àdúgbò bẹ́ẹ̀. Èyí tí sítóòfù kankan ò lè sọ di mímọ́ ni èédú lásán tó ń rú èéfín, tí wọ́n ń pè ní "house coal". Láti May 1, 2023, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á fún ìdáná ilé mọ́ ní gbogbo England, yálà wọ́n dì í sínú àpò tàbí wọn ò dì í.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí kìlówáàtì 8 yẹn, torí kódà bí ìwé rẹ̀ bá pé, n kò ní rà á bí mo bá wà nípò yín. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni kí a fi gígùn lu fífẹ̀, ká tún fi gíga lù ú, ká wá fi 14 pín in. Ti pálọ̀ yín jẹ́ mítà kúbíìkì 46.8, bí a bá pín in, kìlówáàtì 3.3 ni. Bí fèrèsé yín bá ti gbó tí atẹ́gùn ń gbà á wọlé, ẹ lè sọ ọ́ di 4. Kìlówáàtì 8 á sọ pálọ̀ di ààrò búrẹ́dì láàárín wákàtí kan. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó lè rọlẹ̀. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó kì í jó gáàsì igi tán: dígí á dúdú, èéfín á nípọn, ọ̀dà dúdú inú èéfín á máa lẹ̀ mọ́ inú ṣímínì títí di ọjọ́ tí ọ̀dà náà fúnra rẹ̀ á gbiná. Sítóòfù kékeré tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa sàn ju ńlá tí a ń fún lọ́rùn. Ohun kejì ni pé, nínú ilé àtijọ́, sítóòfù tó bá ju kìlówáàtì 5 lọ gbọ́dọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ tí a kì í dí lára ògiri, 550 mm² fún kìlówáàtì kọ̀ọ̀kan tó lé lórí 5. Ti ọ̀rẹ́ yín á gba 1,650 mm². Òtútù January á máa gba ibẹ̀ wọlé ní tààràtà.

Nítorí náà, ẹ wá kìlówáàtì 4 sí 5, tó wà nínú àkọsílẹ̀ Defra, tó sì jẹ́ Ecodesign. Ní 2023, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ mú gíráàmù 5 yẹn wálẹ̀ sí 3 fún sítóòfù tuntun, torí náà ẹ bèèrè iye gíráàmù tó jáde nígbà ìdánwò, kí ẹ mú èyí tó kéré jù nínú èyí tí owó yín ká.

Kí ẹ tó yàn, ẹ bi ara yín pé kí lẹ máa jó gan-an. Igi fẹ́ràn kó jókòó lórí eérú, kí afẹ́fẹ́ máa ti òkè wá bá a. Èédú kò rí bẹ́ẹ̀: abẹ́ ló ti fẹ́ afẹ́fẹ́, orí àwọn ọ̀pá irin, kí eérú máa jábọ́ sínú àwo nísàlẹ̀. Sítóòfù tó ń ṣe méjèèjì ń bá àwọn méjì ṣọ̀rẹ́ ni. Ó máa ń jó igi dáadáa, àmọ́ kì í sábà dáa tó èyí tí wọ́n ṣe fún igi nìkan. Bí ẹ bá ní àyè tó ní òrùlé níta láti to igi sí, tó sì jẹ́ alaalẹ́ lẹ máa ń jókòó ní pálọ̀, ẹ ra ti igi. Bí kò bá sí àyè, tí ẹ sì fẹ́ iná tó ń pẹ́, ẹ ra èyí tó ń jó méjèèjì, kí ẹ sì rí i pé ó ní irin tí a fi ń mi ọ̀pá inú rẹ̀ láìṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ igi, ẹ fi eérú tó nípọn bíi mìlímítà 25 sílẹ̀ lábẹ́. Lọ́jọ́ èédú, ẹ mi eérú kúrò, kí ẹ sì da àwo kó tó kún. Eérú tó bá kan ìsàlẹ̀ ọ̀pá ń há ooru mọ́ ọn, irin náà á sì tẹ̀ tàbí kó yọ́. Ẹ má jó méjèèjì pọ̀ nígbà kan náà. Omi inú igi àti sọ́fúrù inú èédú máa ń di ásíìdì nínú ṣímínì.

Ásíìdì yìí ló fà á tí páìpù irin tí wọ́n máa ń sọ̀ sínú ṣímínì àtijọ́ fi ní ìpele. 316 tó fún igi nìkan. Ẹni tó bá máa jó èédú, 904 ni kó béèrè fún. Ó wọ́n jù ú lọ, àmọ́ 316 lè jẹ láàárín ọdún díẹ̀ lábẹ́ èédú, iṣẹ́ tí ẹ sì máa san láti yọ ọ́ ju ìyàtọ̀ owó náà lọ. Fífẹ̀ páìpù: 150 mm ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, wọ́n gba 125 mm fún sítóòfù tó ní ìyọ̀ǹda Defra, bí ìwé rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Gíga láti ilẹ̀ ààrò dé orí ṣímínì gbọ́dọ̀ tó mítà 4.5 kí èéfín tó lè fà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí agbálẹ̀ ṣímínì gbá a kí oníṣẹ́ tó dé, àti lẹ́yìn náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó ń jó igi lójoojúmọ́, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HETAS, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn tó ń fi sítóòfù sílé sílẹ̀, ni kí ẹ pè, á fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Bí ẹlòmíì bá ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi tó kánsù létí, tí wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Láìsí ìwé yìí, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé ni lọ́yà á bèèrè. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìyọ̀ǹda Defra láti jó igi, igi gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná ọbẹ̀ rí mọ ohun tí ojú máa ń rí. Igi tí wọ́n bá ń tà ní England tí kò tó mítà kúbíìkì 2 gbọ́dọ̀ ní àmì "Ready to Burn", pé omi inú rẹ̀ ò ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú igi, àmọ́ ẹ má fi kan ẹ̀yìn igi. Ẹ la igi náà sí méjì, kí ẹ fi kan àárín ojú tuntun. Igi tí wọ́n kùn, pákó ilé tí wọ́n wó, pákó àga àtijọ́, ẹ má fi kàn án. Májèlé wà nínú ọ̀dà wọn.

Bí ẹ bá ń dáná, ẹ to igi ńlá méjì sílẹ̀, ẹ to kéékèèké lé e, kí ohun tí ẹ fẹ́ ṣáná sí wà lókè pátápátá. Ẹ ṣí afẹ́fẹ́ gbàgà fún bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15. Òkè ló ti máa jó wálẹ̀, èéfín tó bá ń jáde ní ìsàlẹ̀ á gba inú iná kọjá, á sì jó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dín afẹ́fẹ́ abẹ́ kù, kí iná ṣì máa tàn yanran. Sítóòfù kìlówáàtì 4 kò nílò ju igi kìlógíráàmù 1 sí 1.5 lọ ní wákàtí kan: igi kan tàbí méjì nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kún un dẹ́nu kí ẹ wá tì í lọ sùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣe é re, ẹ jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wo orí ṣímínì. Ooru tó ń gbọ̀n lójú ọ̀run ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kì í ṣe èéfín.

Álámù kábọ̀n mònọ́ksáìdì jẹ́ dandan nínú yàrá náà: láàárín mítà 1 sí 3 sí sítóòfù, bó bá jẹ́ lórí àjà, kó jìnnà sí ògiri ní mìlímítà 300. Gáàsì yìí ò ní òórùn. Nítorí rẹ̀ kan náà, èédú tí ẹ fi ń sun súyà kò gbọdọ̀ wọlé láé, kódà lọ́jọ́ òjò. Níta, nínú ọgbà, òfin èéfín yìí ò ní kí ẹ má sun ún.

Ní ti owó gáàsì, n kò ní tàn yín. Igi alámì inú àpò kékeré tí wọ́n ń tà ní ilé epo kì í sábà rọjú ju gáàsì lọ. Ó tó di pé ẹ ń rà á lọ́pọ̀, tí ẹ sì ń pa ẹ̀rọ ooru àwọn yàrá yòókù nígbà tí gbogbo ilé bá wà ní pálọ̀, kí owó méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Sítóòfù tó mọ́ jù lọ pàápàá ṣì ń tú eruku sáfẹ́fẹ́ ju bọ́ílà gáàsì lọ. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ní ikọ́ fée, bọ́ílà tí ẹ ní ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ sì fi owó sítóòfù dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lára fèrèsé.