Forklift onídísù tàbí oníbátìrì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Táìlì àti sìmẹ́ńtì ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ ra forklift tòkúnbọ̀ tó lè gbé tọ́ọ̀nù 3. Àwọn kan ní onídísù, àwọn kan ní oníbátìrì. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ ìta lẹ ti ń já ẹrù tírélà, tí ilẹ̀ ò tẹ́jú, tí òjò sì ń pa yín, onídísù ni kẹ́ ẹ rà. Bí epo bá tán, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ó fi rọ òmíràn. Bátìrì olómi lè gba nǹkan bíi wákàtí 8 kó tó kún, ó sì tún yẹ kó tutù kẹ́ ẹ tó lò ó. Tó bá wá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń gba iná sínú bátìrì náà, owó dísù tí ẹ sá fún ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nìyẹn.

Èéfín ni àléébù onídísù tó burú jù. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín náà, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bẹntiróòlù ń tú u jáde ju dísù lọ, ṣùgbọ́n ti dísù ń fi dúdú lẹ̀ mọ́ páálí ọjà. Ẹ má ṣe lo ọ̀kankan nínú ilé tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ráyè wọlé níhìn-ín, kó ráyè jáde lọ́hùn-ún. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ iṣẹ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ gbé e síta kíá.

Ìṣòro kejì ni omi inú dísù. Òun ló ń ba páńpù àti nọ́sù jẹ́, àtúnṣe wọn kì í sì í ṣe owó kékeré. Láràárọ̀, kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ fítà tó ń ya omi sọ́tọ̀, kó máa kán títí dísù gidi yóò fi jáde. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní nǹkan bíi wákàtí 250 iṣẹ́. Mítà wákàtí ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Fítà atẹ́gùn kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀ nínú eruku sìmẹ́ńtì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná kẹ́ ẹ tó dé, ẹ fura: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tan án sílẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ pé ó ṣòro láti tan nígbà tó bá tutù. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tì jáde níbẹ̀, ríǹgì inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Ẹ wọn irin méjì tó fi ń gbẹ́rù níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ní ìdí: bí 10% nínú nípọn wọn bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi sìlíńdà gáàsì ilé ìdáná sórí forklift onígáàsì?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Gáàsì tó ṣì jẹ́ olómi ni sìlíńdà forklift ń fà láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ kan ló sì ń fi omi gbígbóná rédíétọ̀ sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ti ìdáná, afẹ́fẹ́ ló ń tú jáde láti òkè. Bí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ ńkọ́? Fáàfù ààbò rẹ̀ lè wá bọ́ sínú gáàsì olómi, ewu ńlá sì nìyẹn.