Kí ẹ tó gbé ìwé ike yín sórí blockchain

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Bàrígà, lẹ́bàá ọ̀sà. Ìgò ike là ń ṣà, à ń tà á fún ilé-iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá wa pé àwọn olówó kan nílẹ̀ òkèèrè fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, bí a bá gbà kí iye kílò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó wá máa wọ orí blockchain, kí onítọ̀hún sì máa gba tókìnì, ìyẹn ohun orí ẹ̀rọ tó ṣeé pààrọ̀ sí owó, dípò owó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń yọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí a tó buwọ́ lùwé?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè nísinsìnyí. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ irú iṣẹ́ àyíká báyìí wò fún àwọn tó ń náwó sí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ kí wọ́n tó pè mí.

Blockchain jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, débi pé ohun tí a bá ti kọ sínú rẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí olówó tó wà ní Jámánì fi fẹ́ràn rẹ̀: kò mọ̀ yín rí, ṣùgbọ́n ó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹnikẹ́ni kò padà lọ yí kílò oṣù tó kọjá. Ládùúgbò yín níbẹ̀ yẹn, alájọ Ṣómólú la fi máa ń yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, nítorí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, kò sì ṣìwó ẹnikẹ́ni. Olówó òkèèrè kò ní alájọ Ṣómólú tó lè fọkàn tán, ló ṣe ń wá ìwé tí kò ṣeé yí.

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò mọ kílò. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa kọ. Bí irọ́ bá wọlé, irọ́ yẹn náà ló máa tọ́jú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu tó tóbi jù wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ lo agbára yín sí.

Mo lọ yẹ ibùdó ìkóke kan wò ní apá Mainland yìí. Lórí ẹ̀rọ, àkọsílẹ̀ wọn mọ́ tónítóní. Nígbà tí a tú àpò, omi wà nínú ìgò kan, iyanrìn wà nínú òmíràn, òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ sì ń fi kílò méjì kún gbogbo ohun tí a bá gbé lé e. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ọ̀daràn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń tú àpò wò. Ó dùn mí gan-an, torí gbogbo kílò èké yẹn ti wọ orí blockchain. Kò ṣeé yọ mọ́. Àtúnṣe nìkan la lè kọ tẹ̀ lé e, níṣojú gbogbo ayé.

Nítorí náà, ẹ má gba ìgò tí ìdérí wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Omi ò ní ríbi sá sí, ìdérí náà sì jẹ́ irú ike mìíràn tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ẹ ra àpò sìmẹ́ǹtì kan tí wọn ò tíì já, tó jẹ́ kílò 50, ẹ fi ọ̀rá dì í kí ọ̀rinrin má baà wọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa gbé e sórí òṣùwọ̀n láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọn nǹkan. Bí òṣùwọ̀n bá pè é ní 53, iṣẹ́ ò tíì lè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹni tó ń wọn ike má jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Kí ẹni tó kó o wá rí nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, kó sì mú ìwé pélébé kan lọ sílé. Kí nọ́ńbà náà má sì tíì wọ blockchain lọ́jọ́ yẹn: ẹ dúró títí ilé-iṣẹ́ tó ń rà á yóò fi tún un wọ̀n, kí ẹ fi tiwọn wé tiyín.

Ní ti tókìnì, èmi ò fẹ́ ẹ rárá gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Ẹni tó ti ń ṣa ike láti ìdájí fẹ́ ra gàrí lálẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, tókìnì kan tó ń jẹ́ UST, tí wọ́n ní kò ní kúrò ní dọ́là kan láé, wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Náírà ni kí wọ́n san, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọn ike. Bí wọ́n bá fẹ́ fi tókìnì ṣe ẹ̀bùn lé e, kò burú. Wecyclers, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ike jọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, fi àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù lásán fún àwọn ìdílé ní pọ́ńtì tí wọ́n fi ń gba ohun èlò ilé, kò sí tókìnì kankan níbẹ̀. Òfin náà wà ńbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, CBN ní kí báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò, ìyẹn owó orí ẹ̀rọ bíi tókìnì wọ̀nyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó gbé ìlànà tuntun jáde tó tún ṣí ọ̀nà. Òfin ọdún 2025 sì ti fi irú ohun ìní báyìí sábẹ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ SEC lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ lọ rí lọ́yà tiyín, kì í ṣe èyí tó bá mú wá.

Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí owó ẹgbẹ́? Ẹ rántí àpótí oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ kan ń lò: ẹnì kan ò lè dá a ṣí. Irú ẹ̀ wà lórí blockchain, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn olè kó ohun tó ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ nínú blockchain kan tó ń jẹ́ Ronin. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ló wà, márùn-ún ló tó ṣí i, ṣùgbọ́n mẹ́rin wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, àwọn olè náà sì rí ọ̀nà gba ìkarùn-ún láti ibẹ̀ kan náà. Ẹ pín kọ́kọ́rọ́ tiyín fún èèyàn márùn-ún tí kì í gbé inú ilé kan, kí mẹ́ta tó ṣí i. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí a ó ṣe rọ́pò ẹni tó bá kú, tó bá rìnrìn àjò, tàbí tí wọ́n bá jí fóònù rẹ̀ gbé ní Òṣòdì.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí NIN ọmọ ẹgbẹ́ kankan wọ orí rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa dátà òun rẹ́, blockchain kò sì lè pa á rẹ́. Nọ́ńbà lásán tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kó lọ síbẹ̀. Kí orúkọ wà nínú ìwé tó wà lọ́ọ́fíìsì yín.

Bóyá ẹnì kan ti sọ fún yín pé blockchain ń jẹ iná mànàmáná. Oríṣi kan tó ń jẹ́ Bitcoin ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Oríṣi mìíràn, Ethereum, ti yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, iná tó ń jẹ sì fi ohun tó ju 99% lọ dín kù. Ẹ kàn béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni kí wọ́n ta àpò ike kan náà fún olówó méjì. Kí àdéhùn sọ ọ́ ní kedere ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ló sanwó kí ike yìí má baà wọ ọ̀sà, kó sì sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè tà á.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi ibùdó kan dán an wò fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ ìwé yín, ti ẹ̀rọ àti rìsíìtì ilé-iṣẹ́ sórí tábìlì kan. Bí ìyàtọ̀ bá ju kílò méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kí nọ́ńbà kankan má wọ blockchain títí ẹ ó fi mọ ibi tó ti ń jò.